Ìyá Mi Ra Ọkọ Tuntun

Akẹgbẹ́ mi kan tó ń kọ́ni ní èdè Faransé, tí ọ́fíìsì rẹ̀ kọjú sí tèmi, ló yá mi ní ìwé náà. Ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì kan ni, yìnyín ń bọ́ níta. Ó gbé e lé tábìlì mi, ó ní, "Ìwọ olùkọ́ èdè, o gbọ́dọ̀ ka èyí. Apá kejì ni kí o ti bẹ̀rẹ̀."

Mo wo àkọlé ìwé náà: Me Talk Pretty One Day. Ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn ni pé kí n wá bírò pupa mi. Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí àkọlé yìí ṣe ń dún létí ẹni tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ fojú inú wo ẹni tó sọ ní Yorùbá pé, "Èmi sọ̀rọ̀ dáadáa ọjọ́ kan." A mọ ohun tó fẹ́ sọ, ṣùgbọ́n kò dùn létí.

Ọmọ Amẹ́ríkà ni David Sedaris tó kọ ìwé náà. Ọdún 1956 ni wọ́n bí i, ìlú Raleigh ní ìpínlẹ̀ North Carolina ló sì dàgbà sí. Orí rédíò ni òkìkí rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í kàn ní 1992, nígbà tó ka àròkọ kan nípa iṣẹ́ tó ṣe ní ilé ìtajà ńlá kan ní àsìkò Kérésìmesì. Ìwé tí mo ń sọ yìí jáde ní 2000. Àkójọpọ̀ àròkọ apanilẹ́rìn-ín ni. Òǹkọ̀wé náà ń sọ nípa ara rẹ̀, àwọn òbí rẹ̀, àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ àti oríṣiríṣi iṣẹ́ tó ti ṣe. Ọ̀nà méjì ló pín ìwé náà sí. Ní apá kejì, ó ti kó lọ sí ilẹ̀ Faransé, ó sì tún di akẹ́kọ̀ọ́ ní kíláàsì èdè ní Paris nígbà tó jẹ́ ẹni ọdún 41.

N kò tíì ka ìwé náà tán, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti lé ní ọdún kan tó ti wà lọ́wọ́ mi. Akẹgbẹ́ mi kò béèrè rẹ̀ mọ́. Nítorí náà, kì í ṣe àtúpalẹ̀ ìwé ni mo fẹ́ ṣe fún yín. Ohun tó ṣe mí ní ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́ tí mo fi ń kà á ni mo fẹ́ sọ.

Ní ọjọ́ kìíní, ẹ̀rín ló fẹ́ pa mí. Mo dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì, mo ń kàwé, mo sì ń rẹ́rìn-ín débi pé ọkọ mi jí. Ó ní, "Ìyá Ìbejì, ta lò ń bá rẹ́rìn-ín láàárín òru?" Mo ní, "Bàbá Ìbejì, ẹ máa sùn, ẹ jọ̀ọ́."

Ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín ni ọgbọ́n tí Sedaris dá sí èdè Faransé. Ní èdè náà, gbogbo ọ̀rọ̀-orúkọ ló jẹ́ yálà akọ tàbí abo. Abo ni tábìlì, akọ ni ìwé, kò sì sí ẹni tó lè sọ ìdí rẹ̀ fún ọ. Bí o bá ṣì wọ́n pè, wọ́n á tún un ṣe fún ọ lójú gbogbo ènìyàn. Ṣùgbọ́n bí nǹkan bá ti ju ẹyọ kan lọ, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n ń fi ṣáájú akọ àti abo. Ni Sedaris bá pinnu pé òun kò ní í ra ẹyọ kan ṣoṣo mọ́. Méjì-méjì ló ń ra nǹkan, kí ẹnikẹ́ni má baà mọ̀ pé òun kò mọ akọ yàtọ̀ sí abo. Ẹrù wá ń kún ilé.

Mo rẹ́rìn-ín nítorí pé mo mọ ọgbọ́n yìí. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. A kò ní akọ àti abo ọ̀rọ̀ ní Yorùbá, ṣùgbọ́n a ní "o" àti "ẹ". Ẹni tó bá sọ "o" sí àgbàlagbà ti ṣẹ̀. Nítorí náà, ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ mi máa ń fi "ẹ" bá gbogbo ayé sọ̀rọ̀, kó má baà di ẹjọ́. Ní ọjọ́ kan tí mo pe kíláàsì mi wá jẹun nílé, ọ̀kan nínú wọn tẹrí ba níwájú ọmọ mi ọkùnrin, ọ̀kan nínú àwọn ìbejì, tó jẹ́ ọmọ ọdún 5 nígbà náà. Ó ní, "Ẹ káàsán, sà. Ṣé dáadáa lẹ wà?" Ọmọ náà wẹ̀yìn wò bóyá bàbá òun ló wọlé. Lẹ́yìn ìyẹn ni akẹ́kọ̀ọ́ náà yíjú sí ológbò wa tó sùn sórí àga, ó ní, "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dìde." Ológbò náà kò dìde. Ó ti mọ̀ pé òun ti di àgbà.

Àròkọ mìíràn sọ bí kíláàsì Sedaris ṣe gbìyànjú láti ṣàlàyé ọdún Àjíǹde fún obìnrin kan tó wá láti Mòrókò. Èdè tí wọ́n ní kò tó ọ̀rọ̀ náà sọ. Bí wọ́n ti ń ṣàlàyé ni ọ̀rọ̀ ń dojú rú. Sedaris ní ehoro ló ń kó ṣokoléètì wá fún àwọn ọmọdé. Olùkọ́ wọn ní kò rí bẹ́ẹ̀, agogo ló ń fò wá láti Róòmù.

Mo rántí ọjọ́ tí kíláàsì tèmi ṣàlàyé fún mi ohun tí wọ́n ń ṣe sí eyín ọmọdé tó bá yọ ní Amẹ́ríkà. Wọ́n ní ọmọ náà á fi eyín sábẹ́ ìrọ̀rí. Lóru, iwin kan á wọlé, á gbé eyín lọ, á sì fi owó sílẹ̀. Mo ní, "Iwin? Nínú yàrá ọmọ? Kí ló fẹ́ fi eyín ṣe?" Kò sí ẹni tó mọ̀. Èmi náà wá sọ fún wọn pé nígbà tí eyín tèmi yọ ní Ìbàdàn, orí òrùlé ni mo jù ú sí, mo sì ń ṣọ́ra kí alángbá má rí i, torí wọ́n ní bí alángbá bá rí i, òmíràn kò ní í hù. Wọ́n ní, "Olùkọ́, kí ló kan alángbá níbẹ̀?" Èmi náà kò mọ̀. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín títí àkókò kíláàsì fi pé.

Bí ọjọ́ kìíní ṣe lọ nìyẹn. Ní ọjọ́ kejì, mo gbé ìwé náà wọ bọ́ọ̀sì, mo sì padà sí àròkọ tó ṣáájú nínú rẹ̀. Ọmọ kíláàsì karùn-ún ni Sedaris nínú rẹ̀. Kò lè pe "s" dáadáa. Ahọ́n rẹ̀ máa ń yọ sáàárín eyín. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni wọ́n ń mú un jáde ní kíláàsì lójú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, kí olùkọ́ kan lè tún ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ṣe. Kí ni ọmọ náà ṣe? Ó pinnu pé òun kò ní í lo ọ̀rọ̀ tí "s" bá wà nínú rẹ̀ mọ́. Ó wá ìwé kékeré kan tó to àwọn ọ̀rọ̀ tí ìtumọ̀ wọn jọra, ó sì ń fi ọ̀rọ̀ tó le rọ́pò ọ̀rọ̀ tó rọrùn. Nígbà tó di ọjọ́ tí wọ́n pàdé kẹ́yìn, olùkọ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí í káàánú ara rẹ̀, ó ní òun kò ṣe iṣẹ́ òun dáadáa. Àánú rẹ̀ ṣe ọmọ náà, ó sì fẹ́ tù ú nínú. Ọ̀rọ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì fi ń sọ pé "ẹ pẹ̀lẹ́", "s" ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Bó ti jáde lẹ́nu ọmọ náà báyìí ni olùkọ́ bú sẹ́rìn-ín. Ó ti dẹ ẹ́, ó sì ti mú un.

Mo ti ń rẹ́rìn-ín láti ojú ewé àkọ́kọ́ àròkọ náà. Nígbà tí mo dé ibi tí olùkọ́ ti rẹ́rìn-ín, mo pa ìwé dé. Mo rántí akẹ́kọ̀ọ́ kan.

Orílẹ̀-èdè yìí ni wọ́n bí akẹ́kọ̀ọ́ náà sí. Yorùbá ni bàbá àti ìyá rẹ̀. Ó ń gbọ́ Yorùbá ju bó ṣe ń sọ ọ́ lọ, bí ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin tí wọ́n bí síhìn-ín. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin sáà ẹ̀kọ́, mo ní kí kálukú dìde, kí ó sọ ìròyìn kan láti ilé. Ó dìde, inú rẹ̀ dùn, ó ní, "Ìyá mi ra ọkọ tuntun."

Ọkọ̀ ló fẹ́ pè. Ohùn ìsàlẹ̀ kan péré ló sọnù. Ṣùgbọ́n n kò lè mú un mọ́ra. Mo ní, "O kú oríire! Èló ni wọ́n rà á? Ṣé wọ́n dín owó rẹ̀ kù fún màmá?" Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín, mo sì rò pé ọ̀rọ̀ ti tán síbẹ̀. Mo yíjú sí pátákó, mo kọ ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀, ọ̀kọ̀ sí i: èyí tí obìnrin ń fẹ́, èyí tí àgbẹ̀ fi ń roko, èyí tí a ń wọ̀, èyí tí a fi ń jagun. Mo rò pé ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà dára gan-an ni. Mo tilẹ̀ sọ ìtàn náà níbi ìpàdé àwọn olùkọ́ èdè, wọ́n sì pàtẹ́wọ́ fún mi.

Nígbà tí mo sọ̀ kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì tí mo dé ọ́fíìsì, mo ṣí fáìlì iṣẹ́ àmúrelé rẹ̀. Láti ọ̀sẹ̀ kẹrin yẹn títí sáà fi parí, ọ̀rọ̀ náà kò sí níbẹ̀. Ibi tó yẹ kó kọ ọkọ̀, "mọ́tò" ló kọ. Ibi tó yẹ kó kọ ọkọ́, ó kọ "irinṣẹ́ tí àgbẹ̀ fi ń kọ ebè". Kò kọ igba, "ọgọ́rùn-ún méjì" ló kọ. Kò kọ igbá, "abọ́ tí wọn kò fi irin ṣe" ló kọ. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí àmì ohùn lè sọ di nǹkan mìíràn ló ń yà fún, bí awakọ̀ ṣe ń yà fún kòtò. Lábẹ́ ọ̀kan nínú wọn, èmi fúnra mi ti fi bírò pupa kọ ọ́ pé, "O káre! Àpèjúwe rẹ dára púpọ̀." Mo rò pé èdè rẹ̀ ló ń gbòòrò sí i. Nígbà tí sáà tó tẹ̀ lé e bẹ̀rẹ̀, kò forúkọ sílẹ̀ mọ́. Mo sọ fún ara mi pé ẹ̀kọ́ mìíràn ló pọ̀ lọ́rùn rẹ̀.

Yorùbá mọ ìyàtọ̀ láàárín àwàdà àti yẹ̀yẹ́. Àwọn tó bá mọ Moses Ọláìyá, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Bàbá Sàlá, á rántí táì ọrùn rẹ̀ àti awò ojú rẹ̀ tó tóbi ju ojú lọ. Ara rẹ̀ ló kọ́kọ́ ń sọ di ẹlẹ́yà kí àwa tó rẹ́rìn-ín. Àwàdà nìyẹn. Sedaris náà, ara rẹ̀ ló fi ń ṣe àwàdà. Ó ti dàgbà, òun ló mú gègé lọ́wọ́, òun ló sì yan ohun tí a máa fi òun rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ọmọ kíláàsì karùn-ún tó jókòó síwájú olùkọ́ yẹn kò yan nǹkan kan. Akẹ́kọ̀ọ́ tèmi náà kò yàn án. Nígbà tí a rẹ́rìn-ín nípa iwin àti alángbá, kò dun ẹnikẹ́ni, torí pé gbogbo wa la jọ wà nínú àìmọ̀ náà. Ní ti ẹ̀rín ọkọ tuntun, àwa la jẹ adùn rẹ̀, òun nìkan ló san owó rẹ̀. Àwọn àgbà ní ẹyin lohùn. Bó bá balẹ̀, fífọ́ ní í fọ́.

Ní ọjọ́ kẹta, mo ka àròkọ tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe ìwé náà. Olùkọ́ èdè Faransé tó wà nínú rẹ̀ burú jù mí lọ, mo dúpẹ́. Èébú ló fi ń kọ́ni. Ní ọjọ́ kan, ó fi wíwà pẹ̀lú Sedaris wé iṣẹ́ abẹ tí wọ́n fi ń gbé ọmọ jáde nínú ìyá. Inú Sedaris dùn, nítorí pé ó gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ inú èébú náà yéké láìku ẹyọ kan.

Akẹgbẹ́ mi ní ibẹ̀ ló dùn jù. Ibi tí èmi dúró sí pẹ́ ni ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó wà níta kíláàsì, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń tu ara wọn nínú. Faransé tí wọ́n ń sọ wọ́gọwọ̀gọ, ṣùgbọ́n òun ni wọ́n fi ń jẹ́wọ́ fún ara wọn pé àwọn ń sunkún lóru, òun náà ni wọ́n fi ń sọ pé kí ẹnì kejì mọ́kàn le, yóò dára. Inú ìtùnú yẹn ni àkọlé ìwé náà ti jáde. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ fi bírò pupa gé ni akẹ́kọ̀ọ́ kan fi gbé akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn dìde.

Mo kọ̀wé sí akẹ́kọ̀ọ́ mi, mo ní kó jọ̀wọ́ wá rí mi. Ó wá. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Ẹ káàsán, mà." Mo ní kó jókòó. Mo sọ ohun tí mo rí nínú fáìlì rẹ̀ fún un, mo sì ní, "Mo fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́ lójú ẹgbẹ́ rẹ. Má bínú sí mi."

Ó dákẹ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní, "Nílé wa, bí mo bá sọ Yorùbá, àwọn àbúrò màmá mi máa ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n á ní kí n tún un sọ, wọ́n á tún rẹ́rìn-ín. Mo rò pé ibí máa yàtọ̀, mà. Ìdí tí mo fi wá nìyẹn."

N kò ní èsì kan. Mo wo ọwọ́ mi. Nígbà tó yá, mo sọ ohun kan fún un tí n kò sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ kankan rí. Ní oṣù àkọ́kọ́ tí mo dé Amẹ́ríkà, mo lọ fi ìwé kan sílẹ̀ ní ọ́fíìsì kan. Mo dé ibẹ̀ tán ni mo rántí pé mo gbàgbé fọ́tò mi sílé. Mo sọ fún obìnrin tó jókòó níbẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì pé mò ń bọ̀, bí a ṣe ń sọ nílé, mo sì kọ ẹ̀yìn sí i, mo ń lọ. Ó pè mí padà. Ó ní, "O ní ò ń bọ̀, o sì ń lọ. Èwo ni ká gbà?" Ó sọ ọ́ fún àwọn tó wà nítòsí, gbogbo wọn sì fi mí rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà, fún bí oṣù mélòó kan, bí mo bá fẹ́ kúrò níbì kan, ńṣe ni mo ń dìde láìsọ̀rọ̀, kí n má baà ṣì í sọ. Èmi ọmọ Ìbàdàn, tí wọ́n fi ìkíni tọ́ dàgbà, mo ń yọ́ jáde láàárín ènìyàn bí olè.

Ó gbìyànjú láti mú ẹ̀rín mọ́ra, kò lè ṣe é. Ó bú sẹ́rìn-ín, èmi náà bá a rẹ́rìn-ín. Nígbà tí a dákẹ́, ó béèrè pé, "Ṣé mo lè sọ ọ́ fún màmá mi, mà?"

Mo ní kó sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ìbéèrè náà kò tíì kúrò létí mi títí di òní. Ó béèrè lọ́wọ́ mi ohun tí èmi kò béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ kí n tó gbé ìtàn rẹ̀ lọ síwájú àwọn olùkọ́.

Ìtàn "mò ń bọ̀" ni mo fi ń bẹ̀rẹ̀ kíláàsì báyìí ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Mo ṣì ń tún àṣìṣe ṣe; bí n kò bá ṣe é, n kò ṣe iṣẹ́ mi. Ẹ̀yin náà á máa ṣi ohùn pè, torí pé ẹni tó ń kọ́ odò wíwẹ̀ kò lè ṣàìmu omi. Àwọn àgbà ní bí a bá fi ọwọ́ òsì bá ọmọ wí, à á fi ọwọ́ ọ̀tún fà á mọ́ra. Ó ti pẹ́ tí mo ti mọ òsì í lò. Ọ̀tún ni mo ń kọ́, èmi náà sì ń ṣe àṣìṣe.

Akẹ́kọ̀ọ́ mi kò tíì padà sí kíláàsì. Ó ní òun máa rò ó. Ṣùgbọ́n ó ń kọ̀wé sí mi ní Yorùbá lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí mo fẹ́ kọ àròkọ yìí, mo tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fún mi láyè, ó ní ohun kan péré ni kí n tún ṣe, kí ìtàn náà lè jẹ́ òótọ́: ọkọ̀ tí màmá òun rà kì í ṣe tuntun rárá, àlòkù ni. Ó kọ ọ́ gẹ́gẹ́ bó ṣe yẹ, ọkọ̀, pẹ̀lú àmì ohùn ìsàlẹ̀ lórí rẹ̀, ó sì fa ìlà méjì sábẹ́ rẹ̀.

Ìbéèrè fún ìjíròrò

1. Ọgbọ́n wo ni Sedaris dá kí ó má baà ṣi akọ àti abo pè? Ọgbọ́n wo ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá ń dá tó jọ ọ́?
2. Kí ni ìyàtọ̀ láàárín àwàdà àti yẹ̀yẹ́ nínú àròkọ yìí? Fún wa ní àpẹẹrẹ kọ̀ọ̀kan láti ilé tàbí ilé ẹ̀kọ́ rẹ.
3. Kí ló dé tí Yorùbá fi ń sọ pé "mò ń bọ̀" nígbà tó bá ń jáde lọ?
4. Kọ àròkọ ojú ewé kan nípa àṣìṣe èdè kan tí ìwọ fúnra rẹ ṣe. Fi àmì ohùn sí gbogbo ọ̀rọ̀, kí o sì pinnu bóyá o fẹ́ kí á rẹ́rìn-ín.